Bọ́ọ̀gì ni àbí dìsáìn? Àwọn ìbéèrè tẹ́ ẹ máa ń bi mí nípa àtúnṣe sọ́fúwíà

Okun o, gbogbo ilé. Àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́ wà láti Kàbbà dé Ìsánlú, àwọn tó ń ra kajú wà níbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà níbẹ̀, àwọn tó ni ilé ìwé náà wà níbẹ̀, ìbéèrè kan náà ló sì ń já lu WhatsApp mi tọ̀sán tòru: "ṣebí ẹ tún un ṣe lọ́jọ́sí, kí ló tún wá dé?" Mo kúkú kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi náà, ẹ kà á, apá tiyín wà nísàlẹ̀.

Kí lẹ̀ ń pè ní bọ́ọ̀gì gan-an?

Sọ́fúwíà ń ṣe ohun tó yàtọ̀ sí ohun tá a jọ sọ pé kó máa ṣe. Ó parí. Ẹ jẹ́ ká fi kajú wò ó. Ẹ ra àpò méjìlá, ẹ gbé gbogbo ẹ̀ sórí ìwọ̀n, ó jẹ́ kílò 960. Àdéhùn yín ni pé ẹ máa yọ kílò kan fún àpò kọ̀ọ̀kan torí àpò fúnra ẹ̀ wúwo, kó wá ku 948. Sọ́fúwíà wá yọ kílò kan ṣoṣo fún gbogbo ẹ̀ lápapọ̀, ó gbé 959 jáde. Kílò mọ́kànlá ti wọlé tí kì í ṣe kajú nìyẹn. Ká ní ₦1,500 lẹ̀ ń ra kílò kan, ẹ ti san ₦16,500 fún àpò òfìfo, lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan ṣoṣo o. Bọ́ọ̀gì lèyí. Ẹni tó kọ ọ́ gbàgbé láti fi iye àpò ṣe ìsọdipúpọ̀ níbì kan, a máa wá ibẹ̀ kàn, a máa tún un ṣe, ó sì lè má ju ìlà kan lọ.

Dìsáìn ńkọ́? Ṣé kì í ṣe àwọ̀ àti bọ́tìnì ni?

Rárá o. Àwọ̀ àti bọ́tìnì, ojú sọ́fúwíà nìyẹn, iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ yẹn náà, àmọ́ kì í ṣe òun là ń sọ. Dìsáìn tí mò ń wí wà nínú, ẹ ò lè fojú rí i: ibi tá a kọ òfin kọ̀ọ̀kan sí, ohun tó gbára lé ohun míì, ibi tí nǹkan gbà wọlé àti ibi tó gbà jáde.

Ẹ padà sórí kajú yẹn. Iye tẹ́ ẹ̀ ń ra kílò kan kì í dúró sójú kan, ó lè yí láàárọ̀ kó tún yí lálẹ́. Ká wá sọ pé wọ́n kọ iye yẹn sí ibi méje nínú kóòdù, ìyẹn àwọn ìlà àṣẹ tá a fi kọ sọ́fúwíà, ibi tó ń ṣírò owó, ibi tó ń tẹ ríṣíìtì, ibi tó ń ṣe àkọsílẹ̀ oṣù, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Sọ́fúwíà yẹn lè máa ṣiṣẹ́ dáadáa lónìí, ẹ ò ní rí àṣìṣe kankan bó ti wù kẹ́ ẹ wá a tó. Àmọ́ ọjọ́ tẹ́nìkan bá yí mẹ́fà tó gbàgbé ìkeje, ríṣíìtì á máa sọ tiẹ̀, àkọsílẹ̀ oṣù á máa sọ tiẹ̀, ẹ̀yin àti akọ̀wé yín á sì máa wo ara yín lójú. Tí mo bá lọ yí ìkeje yẹn, bọ́ọ̀gì ni mo tún ṣe. Tí mo bá gba iye yẹn kúrò níbi méjèèje tí mo gbé e sójú kan ṣoṣo, tí gbogbo yòókù á ti máa lọ bi í léèrè, dìsáìn ni mo tún ṣe.

Èmi tí mi ò mọ kóòdù, báwo ni mo ṣe máa dá wọn mọ̀?

Ẹ tẹ́tí sí ohun tí ẹnu yín ń sọ nígbà tẹ́ ẹ bá ń ráhùn. "Mo tẹ ibí, ó yẹ kó fún mi ní tibí, ó fún mi ní tọ̀hún." Bọ́ọ̀gì ni. "Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan ríṣíìtì ni àkọsílẹ̀ gbèsè máa ń dàrú." Dìsáìn ni. "Nǹkan kékeré báyìí ni mo ní kẹ́ ẹ fi kún un, ẹ lẹ́ ẹ máa lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta." Dìsáìn náà ni, àfi tó bá jẹ́ pé ọ̀lẹ lẹ gbà síṣẹ́.

Ìkẹta wà tí kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì, ayé ló yí padà. Ní oṣù kejì 2020 ìjọba àpapọ̀ gbé VAT, owó orí ọjà, láti 5% sí 7.5%. Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ yẹn, gbogbo sọ́fúwíà tó ń ṣírò VAT nílẹ̀ yìí di ẹlẹ́ṣẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣi nǹkan kọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti pín iṣẹ́ yìí sọ́nà mẹ́ta, láti 1976 tí ọ̀gbẹ́ni E. B. Swanson ti kọ ọ́: àtúnṣe torí àṣìṣe, àtúnṣe torí pé ayé yí, àtúnṣe torí kó lè dáa sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí dìsáìn ṣe máa ń yọjú lọ́jọ́ tí ayé bá yí. Ẹni tó kọ 0.05 (5% nìyẹn) sójú kan tó sì fún un lórúkọ, ìṣẹ́jú mélòó kan ló ná an. Ẹni tó fọ́n 0.05 káàkiri, kò kàn lè ní kí kọ̀ǹpútà wá gbogbo 0.05 kó yí wọn sí 0.075, torí òmíràn nínú ẹ̀ kì í ṣe VAT, ẹ̀dínwó tẹ́ ẹ̀ ń ṣe fún kọ́sítọ́mà àtijọ́ ni, òmíràn kọmíṣọ́ọ̀nù ọmọ yín tó ń ràjà lóko. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló máa fi ojú wò ó.

Owó kọ́sítọ́mà lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ti tún bọ́tìnì ṣe, kí ló dé tẹ́ ẹ tún fẹ́ gba owó iṣẹ́?

Ẹ̀yin tó ń ta nǹkan lọ́nà Bùnú mọ èyí dáadáa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà, èèyàn tẹ "Sanwó", kò rí nǹkan kan, ó tún un tẹ̀, owó lọ nígbà méjì. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo jẹ́ kí bọ́tìnì kú gbàrà tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́. Ó dáa, ó yá, kò gba wákàtí kan, mi ò gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Wàhálà dínkù. Àmọ́ kò tán, torí kì í ṣe ọwọ́ èèyàn nìkan ló ń tẹ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Fóònù lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, kó dé sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dá gbogbo fóònù lóhùn, kí sáfà gba owó, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá já kí èsì tó padà dé. Fóònù á rò pé ọ̀rọ̀ òun ò débẹ̀, á tún un rán, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan.

Èyí tí mo fẹ́ gba owó lé lórí yàtọ̀. Kí owó sísan kọ̀ọ̀kan tó kúrò lórí fóònù rárá, fóònù á ti fún un ní nọ́ńbà tiẹ̀, nọ́ńbà tí kò ní bá ti ẹlòmíì dọ́gba láéláé. Tí sáfà bá rí nọ́ńbà tó ti rí tẹ́lẹ̀, kò ní gba owó mọ́, á kàn dáhùn pé mo ti gbà á, èsì nìyí. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀kan lowó máa lọ. Láti ṣe ìyẹn mo máa fọwọ́ kan fóònù, mo máa fọwọ́ kan sáfà, mo máa fọwọ́ kan dátábéèsì, ibi tá a ń kó àkọsílẹ̀ sí. Ìdí owó nìyẹn.

Orúkọ ọmọ ò jáde nígbà tá a bá wá a, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀, a fojú ara wa rí i.

Ilé ìwé ló pọ̀ jù tó ń bi mí léyìí, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an torí wàhálà àwa Yorùbá gangan ni. Lẹ́tà ẹ tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà kọ ọ́. Ó lè jẹ́ àmì kan ṣoṣo tí Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, fún ní nọ́ńbà tiẹ̀, U+1EB9. Ó sì lè jẹ́ e lásán, kí àmì ìsàlẹ̀, U+0323, wá tẹ̀ lé e. Lójú yín ọ̀kan náà ni, lójú kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Tẹ́ ẹ bá tún wá gbé àmì ohùn lé e, ó tún di ọ̀rọ̀ míì, torí kò tiẹ̀ sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ tó ru àmì ohùn òkè.

Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Akọ̀wé fi láptọ́ọ̀pù tẹ Ẹ̀bùn sínú ìwé orúkọ ní táàmù kìíní. Ní táàmù kejì tíṣà fi fóònù wá Ẹ̀bùn, fóònù kọ ọ́ lọ́nà kejì, sọ́fúwíà ní òun ò mọ ẹnì kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tíṣà ní ó dáa, ó forúkọ ọmọ náà sílẹ̀ lọ́tun. Ẹ̀bùn di méjì, ọ̀kan ti sanwó kò ní èsì ìdánwò, ìkejì ní èsì ìdánwò ó sì jẹ gbèsè. Màmá ẹ̀ wá ń bínú ní ọ́fíìsì yín, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú.

Mo lè pa Ẹ̀bùn méjèèjì pọ̀ dọ̀kan fún yín lónìí. Bọ́ọ̀gì ọmọ kan tán nìyẹn, ó ku Ṣọlá, ó ku Ọládélé, ó ku ìdajì ilé ìwé. Èyí tó máa ti ilẹ̀kùn náà ni kí orúkọ tó bá ń wọlé, bó ṣe wù kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kọ́kọ́ gba ojú kan ṣoṣo kọjá níbi tí wọ́n á ti yí i sí irú kan náà, NFC là ń pe irú yẹn, kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi ń wá orúkọ náà sì gba ibẹ̀. Mo tún máa ń fi kún un pé ẹni tó bá tẹ Ebun láìfi àmì kankan sí i náà ní láti rí ọmọ náà, torí ká sọ òótọ́, mélòó nínú wa ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tó bá ń kánjú?

Tí mo bá pa kọ̀ǹpútà tí mo tún tàn án, ó máa ń dáa. Ṣé ó ti tán nìyẹn?

Kò tán. Ó sùn ni. Ní 1991, nígbà ogun Gulf, ohun ìjà Patriot, tó ń já rọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀tá lulẹ̀, tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbé sí Dhahran ní Saudi Arabia ní wàhálà báyìí. Aago inú ẹ̀ ń ka ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, ìdá mẹ́wàá kì í sì í wọ inú nọ́ńbà kọ̀ǹpútà tán pátápátá, ohun kékeré kan máa ń ṣẹ́kù. Bó bá ṣe ń pẹ́ láìpa á ni ohun kékeré yẹn ń jọ, tí wọ́n bá pa á tí wọ́n tún tàn án, á bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Nígbà tó fi máa lo ọgọ́rùn-ún wákàtí láìpa á, aago ti yẹ̀ ní nǹkan bí 0.34 ìṣẹ́jú àáyá, ohun tó ń bọ̀ lójú ọ̀run sì ń sáré ju kìlómítà kan lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó wá ń wò ó níbi tí kò sí. Wọ́n ti mọ̀ ṣáájú pé nǹkan ń yẹ̀ tó bá pẹ́ láìpa á, wọ́n tiẹ̀ ti ránṣẹ́ pé kí wọ́n má lò ó pẹ́ jù, wọn ò sọ iye wákàtí tó jẹ́ pípẹ́ jù. Ní February 25 rọ́kẹ́ẹ̀tì Iraq kan tí wọ́n ń pè ní Scud bọ́ lu ibùdó wọn, ọmọ ogun 28 kú. Àtúnṣe sọ́fúwíà débẹ̀ ní ọjọ́ kejì.

Tí ẹni tó ń bá yín ṣiṣẹ́ bá ní kẹ́ ẹ máa pa á kẹ́ ẹ máa tàn án, ẹ bi í pé títí di ìgbà wo.

Àṣìṣe kan náà ló ń padà wá lóṣooṣù. Ṣé ẹ ò mọ iṣẹ́ ni?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ o, mi ò ní bá yín jà. Àmọ́ ẹ jẹ́ n fi ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù hàn yín. Sọ́fúwíà kan wà tó kọ iye owó tó kù sápò ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ bíi nọ́ńbà kan. Tó bá dáwó, wọ́n fi kún un. Tí wọ́n bá yọ owó ẹ̀yáwó, wọ́n yọ ọ́ níbẹ̀. Owó ìtanràn, owó ọdún, èlé, ibi márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú kóòdù ló ń fọwọ́ kan nọ́ńbà yẹn. Ọ̀kan ṣì í ṣe, owó ìyáàfin kan dínkù, wọ́n pè mí, mo ṣe é. Oṣù tó tẹ̀ lé e ẹlòmíì ló kàn. Kò sí bá a ṣe máa mọ ẹni tó yọ ọ́ torí nọ́ńbà náà kò ní ìtàn, ohun tó jẹ́ lánàá ti parẹ́.

Bẹ́ẹ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ tí kò lo kọ̀ǹpútà rí kì í ṣe báyìí. Ó máa ń kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́, á wá ro ó pọ̀ nísàlẹ̀. Ohun tó yẹ kí sọ́fúwíà náà máa ṣe nìyẹn: kò sí apá kankan nínú kóòdù tó gbọ́dọ̀ kọ iye tó kù, ohun tó wọlé àtohun tó jáde nìkan ni kí wọ́n máa kọ, kí iye tó kù jẹ́ ìṣirò. Àṣìṣe ṣì lè wọ ibẹ̀, mi ò purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n á wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ, a máa rí i.

Ẹ̀rí tó le jù lórí èyí ni Therac-25, ẹ̀rọ tí iléeṣẹ́ AECL ní Kánádà ṣe fún títọ́jú jẹjẹrẹ. Láàárín 1985 sí 1987 ó fún èèyàn mẹ́fà ní ìtànṣán tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn kan kú níbẹ̀. Ní Tyler ní Texas, ní 1986, wọ́n rí i pé tí òṣìṣẹ́ bá ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, X dípò E, tó wá fi bọ́tìnì ọfà òkè padà lọ tún un ṣe kíákíá, láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, ẹ̀rọ náà kì í mọ̀ pé nǹkan ti yí. Kí ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí àwọn ọsibítù ṣe? Kí wọ́n yọ bọ́tìnì ọfà òkè kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù. Mi ò ṣeré o, bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Àjọ FDA, tó ń mójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìtọ́jú ní Amẹ́ríkà, ní ìyẹn ò tó. Nígbà tó fi máa di January 1987, ní Yakima ní ìpínlẹ̀ Washington, ẹ̀rọ náà tún ṣe ẹlòmíì léṣe, bọ́ọ̀gì míì pátápátá sì ni: nọ́ńbà kékeré kan ń kà lọ, tó bá dé 256 á padà sí òdo, tó bá sì bọ́ sí òdo lásìkò tí òṣìṣẹ́ tẹ bọ́tìnì kan, ẹ̀rọ á fo àyẹ̀wò kan.

Bọ́ọ̀gì méjì, ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ló pa wọ́n pọ̀? Therac-20 tó ṣáájú ẹ̀ ní irin àti wáyà tó ń dá ìtànṣán dúró fúnra ẹ̀ tí nǹkan ò bá bára mu, àṣìṣe tí wọ́n rí ní Tyler wà nínú sọ́fúwíà tiẹ̀ náà, fíúsì ló kàn máa ń jó. Nígbà tí wọ́n ń ṣe 25, wọ́n yọ irin yẹn kúrò, wọ́n ní sọ́fúwíà á tó o. Ìpinnu dìsáìn nìyẹn. Wọ́n ìbá máa pa bọ́ọ̀gì títí di òní, níbi tí ohun kan ṣoṣo ti dúró láàárín èèyàn àti ikú, bọ́ọ̀gì tó kàn ló máa ṣiṣẹ́ ẹ̀. Ẹ̀yìn gbogbo ẹ̀ ni wọ́n tó dá irú irin yẹn padà.

Ẹ ní mi ò ní rí ìyàtọ̀ kankan lójú. Kí wá ni mò ń sanwó fún?

Ìbéèrè gidi. Refactoring là ń pe iṣẹ́ yẹn, kéèyàn tún inú kóòdù tò láìjẹ́ kí ohun tó ń ṣe níta yí. William Opdyke fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Illinois ní 1992, ìwé tí Martin Fowler kọ ní 1999 ló wá jẹ́ kó tàn ká. Lọ́dún 1992 yẹn náà, Ward Cunningham, tó wà lára àwọn tó ń kọ sọ́fúwíà fún iṣẹ́ owó, ṣàlàyé pé kóòdù tá a sáré kọ dà bí owó tá a yá. Ó ń mú kí iṣẹ́ tètè yá, kò sì burú tá a bá tètè san án, ṣùgbọ́n gbogbo ìṣẹ́jú tá a bá tún lò lórí kóòdù tí kò tíì tọ́ yẹn, èlé là ń san. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ mọ èlé jù mí lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ní mo máa fi ṣe nǹkan kékeré yẹn, iṣẹ́ gangan inú ẹ̀ lè jẹ́ ọjọ́ méjì.

Lẹ́yìn tí mo bá ṣe é tán, ẹ ò ní rí nǹkan kan lóòótọ́. Ẹ̀ẹ̀kan tẹ́ ẹ bá tún ní kí n fi nǹkan kún un lẹ ó rí i.

Sọ́fúwíà irú èyí wà lọ́wọ́ ẹnìkan ní Lọ́kọ́jà. Ẹ kàn lọ kọ́pì ẹ̀ wá.

Ní June 4, 1996, wọ́n ju rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 sókè, kò lò tó ìṣẹ́jú kan tó fi fọ́ sí wẹ́wẹ́. Apá sọ́fúwíà tó fà á, ti Ariane 4 ni, ó sì ṣiṣẹ́ lórí Ariane 4 láìsí wàhálà. Ariane 5 ń sáré ní ìhà ẹ̀gbẹ́ ju ìyẹn lọ, nọ́ńbà kan tóbi ju àyè tí wọ́n fún un, kọ̀ǹpútà tó ń tọ́ ọ sọ́nà gbé ọwọ́ sókè. Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé Ariane 5 ò tiẹ̀ nílò iṣẹ́ tí apá yẹn ń ṣe lẹ́yìn tó bá ti kúrò nílẹ̀. Torí náà mo lè kọ́pì ẹ̀, àmọ́ mo máa kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó gbà gbọ́ nípa ọjà yín.

Ṣé ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ ò gbọ́n ni?

Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó fi nọ́ńbà méjì kọ ọdún láyé àtijọ́, 67 dípò 1967, àyè inú kọ̀ǹpútà wọ́n bí ojú nígbà yẹn, wọ́n ṣe ohun tó bọ́gbọ́n mu. Ọdún 2000 ló wá sọ ọ́ di wàhálà. Irú ẹ̀ míì ń bọ̀ ní January 19, 2038, fún àwọn kọ̀ǹpútà tó ṣì ń ka àkókò sínú nọ́ńbà tí àyè ẹ̀ kò ju 32-bit lọ, torí àyè náà máa kún lọ́jọ́ yẹn. Dìsáìn lè tọ́ lánàá kó má tọ́ lónìí. Bọ́ọ̀gì, láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ ọ́ ni kò ti tọ́.

Ká kúkú da gbogbo ẹ̀ nù ká kọ òmíràn?

Mo mọ̀ pé ó ń dùn mọ́ yín lẹ́nu, ó máa ń dùn mọ́ àwa náà. Netscape, iléeṣẹ́ tó ṣe sọ́fúwíà tí wọ́n fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, ṣe é. Àwọn ló lórúkọ jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà kan, ẹ̀dà kẹrin wọn jáde ní 1997, ní 1998 wọ́n pinnu láti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ẹ̀dà karùn-ún ò jáde rárá, November 2000 ni ìkẹfà tó jáde. Ní gbogbo ìgbà yẹn Internet Explorer, irú ẹ̀ tí Microsoft ṣe, ń gba ọjà lọ. Òótọ́ ni pé Microsoft ti so ó mọ́ Windows, ìyẹn náà dá kún un, àmọ́ ẹni tó wà lẹ́nu ìkọ́lé kò lè ta ọjà nínú ilé náà.

Kóòdù àtijọ́ yẹn, ibi tó rí wúruwùru níbẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ojú rí mábo kọ́. Ìlà kan tó dà bíi pé kò wúlò ló ń jẹ́ kí ríṣíìtì yín jáde lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ yẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni mo máa ń tún un tò, apá kan, ká lò ó, apá kejì.

Ọ̀gá, mò ń pa bọ́ọ̀gì lọ́wọ́ ni mo rí i pé kóòdù ibẹ̀ burú. Ṣé kí n tún un tò lẹ́ẹ̀kan náà?

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ ni mò ń dá lóhùn níbí. Má ṣe méjèèjì pọ̀ nínú commit kan, ìyẹn ìyípadà tá a kọ sílẹ̀ pa mọ́ lẹ́ẹ̀kan. Kọ tẹ́ẹ̀sì, kóòdù kékeré tó ń yẹ iṣẹ́ wò, tó máa fi bọ́ọ̀gì yẹn hàn kọ́kọ́, jẹ́ kó kùnà lójú ẹ, pa bọ́ọ̀gì náà pẹ̀lú ìyípadà tó kéré jù, jẹ́ kí tẹ́ẹ̀sì yege, commit. Lẹ́yìn náà lo wá lè tún inú ẹ̀ tò, gbogbo tẹ́ẹ̀sì gbọ́dọ̀ máa yege bí wọ́n ṣe ń yege tẹ́lẹ̀, commit kejì. Nígbà míì ó máa dáa kó o kọ́kọ́ tún un tò kí bọ́ọ̀gì náà lè rọrùn láti pa, kò burú, ṣáá yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìdí ẹ̀ ni pé tí nǹkan bá dàrú lọ́jọ́ kẹta, irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní git bisect á gbé ẹ dé orí commit tó fà á, tó o bá wá débẹ̀ tó o bá ìlà 900 tó yí padà, mélòó lo fẹ́ kà? Tí wọ́n bá sì ní kí n dá refactoring padà, mi ò fẹ́ kí bọ́ọ̀gì jí dìde pẹ̀lú ẹ̀.

Tí kò bá sí tẹ́ẹ̀sì kankan níbẹ̀, kì í ṣe refactoring lò ń ṣe, orí ló ń gbé ẹ.

Ìgbà wo ni kò yẹ ká fọwọ́ kan dìsáìn?

Nígbà tí kajú bá ń wọlé. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n ń san owó oṣù. Lálẹ́ ọjọ́ tí èsì ìdánwò máa jáde. Bọ́ọ̀gì tó bá yọjú nígbà yẹn, a máa pa á ká sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kóòdù míì tún wà tó burú lójú àmọ́ tí kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án, tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ láti ọdún pípẹ́, fi í sílẹ̀ jàre. Ibi tá a ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́ lowó yẹ kó lọ.

Báwo ni kí n ṣe ròyìn àṣìṣe fún yín?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi "ó ń ṣe radaràda" ránṣẹ́ sí mi. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, ohun tẹ́ ẹ retí, ohun tẹ́ ẹ rí, aago mélòó, fóònù ni àbí láptọ́ọ̀pù, ṣé iná lọ láàárín. Ẹ ya fọ́tò ojú ẹ̀. Ẹ má tíì tún un ṣe fúnra yín, torí nígbà míì ẹ ti pa ẹ̀rí rẹ́ kí n tó débẹ̀. Voice note kò burú tẹ́ ẹ bá wà lórí ìrìn, àmọ́ ẹ bá mi kí gbogbo ìdílé lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tán.

Èwo lẹ̀ ń gba owó ẹ̀?

Bọ́ọ̀gì tó bá wà nínú ohun tí mo kọ, tí kò ṣe ohun tá a jọ kọ sínú ìwé àdéhùn, ọ̀fẹ́ ni títí di ìgbà tá a fi sí àdéhùn náà. Bọ́ọ̀gì inú ohun tí ẹlòmíì kọ, owó ni, torí mo máa kọ́kọ́ kà á kó yé mi. Àtúntò dìsáìn, a máa jókòó sọ ọ́ ṣáájú, mo máa sọ èyí tó ń dùn yín tó máa rọrùn lẹ́yìn ẹ̀, tí mi ò bá lè dárúkọ ọ̀kan, ẹ má san nǹkan kan.